Ẹni Tó Ki Oríkì Ilé Wa, Tó sì Fún Wa Ní Sọ̀wédowó Olè

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ gbé e ga sí i! Ẹ má rò pé inú mi dùn o, ará. Inú mi ṣì ń ru. Ṣùgbọ́n inú àtìmọ́lé kọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ògo ni f'Ọ́lọ́run!

Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, ìyá mi fẹ́ ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Bẹẹrẹ. Ọkùnrin kan wọ agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ó ní òun fẹ́ rà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wa, láti orí baba ńlá títí dórí bàbá mi. Ìyá mi bú sẹ́kún.

"Ọmọ wa ni! Àjèjì kì í mọ èyí."

Ó mú sọ̀wédowó ilé-iṣẹ́ kan jáde. Owó inú rẹ̀ ju iye tí a fẹ́ ta ẹ̀rọ náà lọ.

"Ìyá wa, akọ̀wé wa ló ṣi í kọ. Ẹ ṣáà fún mi ní ṣéńjì."

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí báǹkì kọ́kọ́ sọ pé owó ti wọlé."

Ìyá mi wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ìwé tó o kà ló ń jẹ́ kó o fura sí ẹ̀jẹ̀ ẹ? Ìwọ tó ò lè ki bàbá ẹ dé ìdajì!"

Òótọ́ ni. Ojú tì mí. Mo san sọ̀wédowó náà sínú àkáǹtì mi, mo fi gbogbo owó tí mo tọ́jú ṣe ṣéńjì fún un. Ọjọ́ kejì, ó fi lọ́rì gbé ẹ̀rọ náà lọ.

Ó parọ́. Ó jalè. Ó fi òkú bàbá mi ṣe ìdẹ. Ẹ̀bi tèmi ni pé mo mọ ohun tó yẹ, mo sì jẹ́ kí ìtìjú borí mi.

Nígbà tó yá, máníjà báǹkì ránṣẹ́ pè mí. Ọlọ́pàá méjì ni mo bá lọ́fíìsì rẹ̀.

Máníjà ní, "Màdáámù, wọ́n jí sọ̀wédowó yìí ni. Àkáǹtì yín ló sì wọ̀."

Mo ṣàlàyé bí ọkùnrin náà ṣe ki oríkì wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń náwó ní yunifásítì nìyẹn?"

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi sùn lórí sìmẹ́ńtì àtìmọ́lé, èmi olùkọ́ yunifásítì! Ilé-ìwé ti kọ lẹ́tà pé kí n má wá mọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Olúwa nìkan ló mọ ohun tí mo sọ fún un níbẹ̀.

Ìyá mi ò jẹ, wọn ò mu. Wọ́n kàn ń tú fọ́tò ìsìnkú bàbá wò. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n rí ọkùnrin náà nínú ọ̀kan! Ó jókòó sẹ́yìn àwọn obìnrin ilé tí ń ki òkú, ẹran wa lẹ́nu rẹ̀, ìwé kékeré lórí itan rẹ̀. Ó ń kọ oríkì wa sílẹ̀!

Halelúyà! Ìyá mi fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n pe ẹni tó ni sọ̀wédowó wá wo fọ́tò náà.

"Akọ̀wé tí mo lé lẹ́nu iṣẹ́ nìyí!"

Wọ́n tú mi sílẹ̀. Ilé-ìwé gbà mí padà. O ṣé, Baba! O ṣé o!

Ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí olè náà mú. Ṣọ́ọ̀bù bàbá ṣófo. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ki ilé wa báyìí, ìyá mi á ní, "Dákẹ́. Kí lo fẹ́ gbà?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìdààmú, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹni tó yọ mí ò sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé sọ̀wédowó wá, ẹ má fún un ní ọjà, ẹ má fún un ní ṣéńjì, títí báǹkì yóò fi sọ pé owó ti wọlé. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé yín lóòótọ́, yóò dúró.