Èwo Nínú Wọn Ni Mo Fẹjọ́ Sùn?

Ó tì o! Má dì mí lẹ́nu, jẹ́ kí n rò ó! Ṣé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, kí a ní kí ènìyàn fẹ́ni lójú, kó lọ kó ata sẹ́nu? Àbúrò mi, obìnrin yẹn ti jẹ mí tán o, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Òṣìṣẹ́! Èmi tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbà á lẹ́nu mi, èmi náà ló kọ́kọ́ jẹ!

Ó dáa, mo ti jókòó. Màá ṣàlàyé. O mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ kó má yé ènìyàn, iṣẹ́ mi ni, èmi tí mo ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ páálí wa bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ, tí ẹ fi ń pè mí ní Tíṣà. Kó tó di pé bàbá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì, kí ni obìnrin yẹn ń ṣe? Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹni tó bá pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́, òun ló ń dá a lóhùn. Bàbá lọ tán, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ní kò sídìí láti tún wá ẹlòmíràn, kí agbẹjọ́rò máa fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kún tirẹ̀. A sì pàtẹ́wọ́! Àwa náà la pàtẹ́wọ́! A ní obìnrin ni, pé ó lójú àánú.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, mo lọ bá a. Ta ni ǹ bá tún lọ bá? Ó dìde lẹ́yìn tábìlì, ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fún mi ní áńkáṣíìfù, ó ní, "Tíṣà, tú u síta, èmi náà abiyamọ ni." Mo sì tú u síta! Mo ní ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ló ní kí wọ́n yọ irin tó ń bo ojú abẹ kúrò kí iṣẹ́ lè yá, mo ní ìwọ tí o ń tún ẹ̀rọ ṣe kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ṣé irọ́ ni? Ṣé o ò kìlọ̀ fún un lójú mi ni? Ó ń mi orí, ó ń pòṣé, "Ó mà ṣe o, ó mà ṣe o." Mo kúrò níbẹ̀, ara mi fúyẹ́.

Àṣé igi tí wọ́n máa fi nà ọ́ ni mo ń ṣẹ́ fún wọn!

Wọ́n pe ìpàdé láàárọ̀ yìí. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ta ló dìde tó ní òun ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé-iṣẹ́? Òun náà ni! Ó ní, "Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé mẹkáníìkì mọ̀ pé irin náà kò sí lójú abẹ, tó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́." Háà! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní ó kìlọ̀ ni, mi ò ní ó kàn mọ̀." Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó ní, "Tíṣà, agbẹjọ́rò ló ń sọ̀rọ̀ báyìí." Mo ní agbẹjọ́rò kọ́ ni mo sọ fún, Màmá Òṣìṣẹ́ ni! Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run búra, láti ìgbà tó rẹ́rìn-ín yẹn ni ara mi kò tíì balẹ̀.

Gbọ́, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ẹni tuntun ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Ẹjọ́, báwo la ṣe ń ṣe é? Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn á fẹjọ́ sùn. Ẹnì kan á gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn á rojọ́. Ẹlòmíràn pátápátá ló máa dájọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn àgbà yẹn ò tíì rí irú eléyìí! Eléyìí á gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu mi, á gbà á lọ́wọ́ mi, á rò ó ta kò mí, tó bá sì kan ká lé ènìyàn níṣẹ́, òun náà ló máa mú ẹni tó máa lọ. Kí ló wá kù fún èmi? Kí n máa sunkún, kó máa gbọ́!

Ọkọ Ìyá Ìbejì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. O mọ̀ ọ́n, kì í pariwo. Kò pariwo. Ó rọra bi mí ni: "Àbúrò rẹ ló gé ọwọ́ ìyàwó mi nìyẹn?"

Ìdí tí mo fi sáré wá nìyẹn. Obìnrin yẹn máa ránṣẹ́ pè ọ́. Ó máa ní "ọmọ mi, wá." Ọmọ wo? Ìgbà wo ló rọbí rẹ? Má lọ! Tó bá di dandan, orí ìdúró ni kí o ti bi í: "Mà, èwo nínú yín ni mo wá bá?" Bí kò bá dáhùn, yí padà.

Kí ló dé tí o ń wolẹ̀?

O ti lọ? Ìgbà wo? Lánàá! Ó sì fún ọ lómi, ó ní kí o fọkàn balẹ̀. Áà, àbúrò mi! Kí lo sọ? Ta ló tú nọ́ọ̀tì irin náà? Ìwọ? Ọwọ́ rẹ lo fi tú u? O ò sọ fún mi! Mo mọ̀ pé ọ̀gá ló pàṣẹ, mo mọ̀ pé ó fẹ́ lé ọ bí o bá kọ̀, ṣé ìyẹn ni obìnrin yẹn máa mú jáde ni? "Ọwọ́ mi ni mo fi tú u", ibẹ̀ ló máa bá ọ dúró sí! Abájọ tó fi ń rẹ́rìn-ín!

Ó tó. Dákẹ́. Má ṣàlàyé ìyókù fún mi, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ, kódà èmi, má sọ fún mi. Èmi ni obìnrin yẹn pè fún ọ̀la. Ó ní ká kàn jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí òun rí i pé ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ní kí n má mú ẹnikẹ́ni dání.