Ọta Lorin Teske Kò Yà Kúrò Lọ́nà

Ẹ gbé kọfí yín sílẹ̀ ná. Afẹ́fẹ́ ò tíì gbéra, kò sì sẹ́ni tó máa yìnbọn lórí pápá yìí kí n tó sọ tẹnu mi. Ẹ ní kí n dìde kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Thayne ọkọ mi, torí pé ìdíje tòní ni àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kú. Mo ti dìde. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń retí kọ́ ni mo máa sọ. Òótọ́ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ yìí, níwájú gbogbo yín. Kí ẹ má sì rò pé ikú ló ń lé mi bọ̀ o. Ara mi le, ìbàdí nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹ mọ ohun tí ẹ máa ń wí nínú ẹgbẹ́ yìí bí ẹnì kan bá yìnbọn tí ọta rẹ̀ gba ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ. Ẹ máa ń ní, "Ó ti yin Teske!" Ẹ ó wá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí ò rí Lorin Teske sójú rí náà ń wí i. Mo gbọ́ ọ lánàá níbi tí ẹ ti ń yan ẹran. Ó dáa. Ọta Lorin Teske ò yà kúrò lọ́nà. Ó bá irin tí a ń yìnbọn sí ní máìlì méjì. Èmi ni mo rí i, èmi náà ni mo purọ́ pé kò bá a. Jókòó, Gib. Pé o jẹ́ alága ò ní kó o dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí mo bá ṣe tán, wàá rí àyè sọ tìẹ.

Ojú òsì Thayne ti lọ ṣáájú. Awọ ẹ̀yìn ojú ló ṣí, kí a sì tó dé ilé ìwòsàn ní ìlú Casper, ojú ti kú. Dókítà wá wo ti ọ̀tún, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ostby, ọ̀kan ló kù fún yín yìí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìbọn kékeré ò burú. Àwọn ńlá tó ń mi èèyàn lágbárí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Thayne ò tíì tan mọ́tò tán tó ti ní, "Ṣé ọkùnrin yẹn tiẹ̀ ti yìnbọn rí láyé ẹ̀?"

Mo ní, "Ojú ló kọ́ nílé ìwé, Thayne, kì í ṣe ìbọn."

"Ojú mi ni, Mer. Èmi ni mo ni ín."

"Èmi ni màá sì máa fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé ìtọ̀."

"Ṣáà rọra máa fà mí, ọ̀nà ibẹ̀ há." Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ yìí gbé irin lọ sí máìlì méjì fún ìgbà àkọ́kọ́, Thayne sì ní láti mú kátíríìjì, ìyẹn ọta pẹ̀lú ẹ̀tù rẹ̀, tó máa dé ibẹ̀. Ẹ̀yin mọ ìyẹn, àmọ́ àwọn ìyàwó yín tó wà níbí ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún wọn. Ọta tó bá ń sáré ju ìró lọ máa ń lọ geere. Bí eré rẹ̀ bá wá já wálẹ̀ sí ti ìró, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí mì, yóò sì bọ́ síbi tó wù ú. Kátíríìjì tí Thayne ti ń lò látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní 338, máìlì kan ló mọ̀ dáadáa. Eré rẹ̀ á ti tán kó tó dé méjì. Ó wá ku 375, bàǹtàbanta kan tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, tí ẹ̀tù inú rẹ̀ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá yìn ín, eruku á sọ nílẹ̀, eyín ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ á sì gbọ̀n. Ohun tí dókítà ní kó má sún mọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹnu ò ràn án. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mi ò se oúnjẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó din ẹyin fúnra ẹ̀, ó sì ń súfèé. Ní àkókò yẹn, ẹnì kan ṣoṣo lágbègbè wa ló ń ṣe ọta 375 tó ṣeé gbọ́kàn lé, òun ni Lorin. Ó ti fi iṣẹ́ kòtò èédú sílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ kan sínú ilé ọkọ̀ ẹ̀, ó ń fi í gbẹ́ ọ̀pá bàbà, ọta kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí òṣùwọ̀n. Ó kó wọn wá sílé wa nínú páálí ẹyin kí wọ́n má baà ha ara wọn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yìn ín. Ohun tí ẹ bá sọ nípa ẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ máa gbà. Tí kò bá dáa, ẹ sọ pé kò dáa."

Thayne ní, "Màá sọ ohun tí Mer bá rí. Ojú ẹ̀ ò purọ́ rí."

Ẹ gbọ́ ohun tó wí, àbí?

Ilẹ̀ tiwa la ti dán wọn wò, nígbà ìrúwé, kí a lè mọ èyí tó máa gbé lọ síbi ìdíje. A gbé irin tí a kùn ní funfun sórí gegele tó wà lẹ́yìn odò gbígbẹ, máìlì méjì gédégédé sí ibi tí Thayne dùbúlẹ̀ sí. Èmi jókòó sẹ́yìn awò ńlá tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú. Ẹni tó ń yìnbọn ò lè rí nǹkan kan bí ìbọn bá ti ta sẹ́yìn lé e lọ́wọ́. Ẹni tó wà nídìí awò ló ń sọ fún un ibi tí ọta bọ́ sí, òun á sì yí awò ìbọn rẹ̀ síbi tí wọ́n ní kó yí i sí. Kámẹ́rà tí ẹ ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin lónìí ò tíì wọ́pọ̀. Ibi tó jìnnà tó yẹn, pẹ̀lú ìbòtí létí ẹ̀, Thayne ò lè gbọ́ dídún irin. Ẹnu mi nìkan ló gbọ́kàn lé.

338 ló kọ́kọ́ yìn. Òótọ́ ni mo sọ lórí ìyẹn, ọta ń bọ́ káàkiri. Ó wá gbé ìbọn 375 dúró lórí ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé e ró. Àkọ́kọ́ bọ́ sápá òsì, mo sọ bẹ́ẹ̀. Èkejì sún mọ́ ọn, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, mo ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọta fi ń lọ lọ́kàn mi, mo sì rí i tí irin mì, tí àpá dúdú kan yọ láàárín funfun. Máìlì méjì! Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo la ẹnu kí n pariwo. Àfi bí mo ṣe wẹ̀yìn tí mo rí ọkọ mi tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ọ̀tún, omi ń dà lójú ẹ̀ wììwìì, ojú sì ti pọ́n.

Ó ní, "Mer, báwo?"

Mo ní, "Ọ̀tún. Ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ọ̀tún."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jáde lẹ́nu mi, bí ìgbà tí mo bá ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó yí awò ìbọn, ó sì tàsé ní ti gidi. Mo ní ó bọ́ sí òsì. Ó ní, "Kò ṣeé ṣe. Afẹ́fẹ́ ò yí." Ó dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Irin tún mì. Mo ní ó kúrú. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i láì yí awò ìbọn, irin mì, mo ní ó ga kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ awò, ẹ ti mọ ohun tí mo ń ṣe. Tí mo bá ní ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lọ, ó máa tún un ṣe. Mo tú wọn ká kó má lè mú ibì kan. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí kọ́ mi ni mo fi ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí: ẹni tó jókòó nídìí awò ló ń lọ yẹ irin wò, òun náà ló ń tún un kùn. Thayne ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi. Mo ní, "Jókòó, jẹ́ kí ojú ẹ sinmi." Mo wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Àpá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo gbogbo wọn. Ẹ rò ó wò. Ní máìlì méjì! Kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí nígbà yẹn. Mo dúró níbẹ̀, mo sunkún, mo mi agolo ọ̀dà, mo sì fọ́n ọn sí i títí gbogbo ẹ̀ fi funfun.

Ṣé ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Lálẹ́, bí a ṣe ń jẹun, Thayne ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹran ẹ̀. Ó ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọ̀pá ìbọn ni àbí ọta?" Mo lè sọ pé ọ̀pá ìbọn ni. Mo lè ní bóyá ojú tèmi ló ń ṣe wàhálà. Àmọ́ ọ̀pá ìbọn, á rọ́pò ẹ̀. Ojú tèmi, á pe ẹlòmíràn sídìí awò. Ọta nìkan ni kò ní rí rọ́pò, torí ọwọ́ Lorin nìkan ló ti lè rí i. Mo ti ronú ẹ̀ délẹ̀ kí n tó dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi.

Mo ní, "Ọta ni. Ọwọ́ ọmọ yẹn ò tíì mọṣẹ́."

Thayne ta ìbọn 375 náà, ó padà sí máìlì kan. Níbi ìdíje, ó dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni Lorin, àmọ́ Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ọta ẹ̀ ń lọ." Ẹ rẹ́rìn-ín. Gib, ìwọ lo kọ́kọ́ pariwo pé, "Ó ti yin Teske!" Kò sẹ́ni tó ra ọta lọ́wọ́ Lorin mọ́. Lorin wá bá wa. Thayne wà ní pápá lọ́dọ̀ màlúù, èmi ni mo jáde sí i. Ó gbé páálí ẹyin dání. "Ìyáàfin Ostby, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi fúnra mi á jókòó sídìí awò. Mo wọn gbogbo wọn, mà. Mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, Lorin. Máa lọ sílé."

Ó ní, "Ó dáa, mà. Ẹ ṣeun." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ọdún tó parí, ó ti ta ẹ̀rọ náà, ó sì padà sínú kòtò èédú. Mi ò sọ fún Thayne pé ó wá.

Ẹ ń wò mí báyìí bí ẹni rí ejò. Ẹ máa wò. Ojú tó kù fún ọkọ mi ò lọ. Òun ló fi rí ọmọbìnrin wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun ló fi ń rí àwọn ẹtu nínú pápá kí n tó rí wọn, tó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ka ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tọrọ àforíjì nítorí ìyẹn? Mi ò ní tọrọ ẹ̀. Ẹ gbé e padà dìde sídìí ìbọn yẹn lónìí, màá tún purọ́ fún un. Òun ló ni ojú, mo gbà. Èmi ni mo ni ọkọ.

Ohun kan ń dùn mí nípa tiẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, ó ní, "Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi lè bá irin yẹn, Mer. Gbogbo ẹ̀ ló pé." Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo tún ìrọ̀rí ẹ̀ ṣe. Ó lè máa dùn mí títí màá fi kú, mo mọ ohun tí mo fi rà.

Ti Lorin ni mi ò ní àwíjàre kankan fún. Ọkọ mi ló ń yìnbọn, èmi ló ń purọ́, ọmọ tí kò ṣe wá ní nǹkan kan ló san án. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wakọ̀ lọ sílé ẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ojú ẹ̀ le. Mo ní kó foríjì mí. Ó ní, "Rárá, mà. Mo mọ̀ pé ọta mi dáa. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Èmi kọ́ lẹ purọ́ fún. Ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ mi ṣẹ̀fẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́." Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyí, kì í ṣe torí ìrántí ọkọ mi.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń jókòó nídìí awò fún ẹlòmíràn, mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má purọ́ láé. Ojú yín ò tíì rí tó tèmi. Àmọ́ tó bá di dandan, ẹ gbé ẹ̀bi ẹ̀ lé orí ara yín. Ẹ má wá ẹni tí á bá yín rù ú.

Mo ti parí. Lorin wà níta nínú ọkọ̀ ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ yín sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti wá, ó sì ní òun ò ní tẹsẹ̀ bọ inú ilé yìí àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá wá pe òun. Èmi ò ní lọ pè é. Mo ti lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ sì fi í rẹ́rìn-ín fún ọdún mọ́kànlá. Gib, o lè dìde báyìí. Ìlẹ̀kùn nìyẹn.