Ohun Líle Tó Wà Ní Ìbàdí Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ fún Ọlọ́run ní hàlẹ́lúyà tí wọ́n á gbọ́ dé Mọ́níyà. Ẹ ṣeun. Èmi ni Ìyá Bọ́lá tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé-ìwé níbí ní Ìrókò.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú nígbà tí mò ń ti ọjà bọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹ̀yìn mi, egungun jinná, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ. Ó máa ń ta mí láti ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀ bíi pé wọ́n fi ata pa mí lára. N kò lè kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá ọkọ mi á ní kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu, ojú á sì tì mí.

Tramadó, oògùn ìrora, ni mo wá gbára lé. Dókítà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ fún mi. Nígbà tó yá, èyí tó kọ kò ràn án mọ́, mo bá ń lọ rà kún un ní kẹ́mísì. Tí n kò bá lò ó, ara mi á máa gbọ̀n. Tí mo bá lò ó, oorun á gbé mi lọ nídìí agbada gàrí. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan n kò ní jí.

Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà ọsibítù ńlá kan sílẹ̀ fún mi n'Ìbàdàn. Dókítà ibẹ̀ ti wáyà tín-ín-rín kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Wọ́n kọ́kọ́ so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ mi níta láti dán an wò. Nígbà tí ìrora dínkù, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ ìbàdí mi. Iná díẹ̀díẹ̀ ló ń rán gba inú wáyà yẹn lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn mi, tí kò jẹ́ kí ìrora ráyè dé orí. Rìmóòtù rẹ̀ wà nínú báàgì mi yìí. Wọ́n ní kí n má já tramadó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kò rọrùn, ẹ̀yin náà sì gbàdúrà tì mí. Kí n má parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, ìrora kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n tramadó ti kúrò lẹ́nu mi.

Ìyá Àdúrà, ẹ dárí jì mí, mo máa sọ ọ́ o. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún mi. Ọwọ́ wọn kan ohun líle ní ìbàdí mi. Wọ́n ní ayé ti fi nǹkan sí mi lára. Àwọn aládùúrà bá pagbo yí mi ká, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ní kó jáde.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde o. Dókítà ló fi síbẹ̀."

Ìyá Àdúrà mú ọwọ́ kúrò. Wọ́n ní, "Ṣé òun ló jẹ́ kí o lè kúnlẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Òun ni, Ìyá."

Wọ́n dá ọwọ́ wọn padà síbẹ̀, jẹ́jẹ́ báyìí. "Olúwa, jẹ́ kó jókòó dáadáa. Kí ọ̀tá má rí i yọ."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ti ń bo ẹ̀rọ náà mọ́ yín lójú, mo rò pé ẹ ó ní n kò nígbàgbọ́ ni.

Láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi. Wọ́n pè mí ní Àdùkẹ́, oríkì mi, tí wọn kò fi pè mí láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Ẹ dìde, kí ẹ bá mi jó, kí a fògo fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ mi, kó di ọrùn mú, kó fi ìbàdí sílẹ̀.