Strip Tó Kú Sábẹ́ Dryer

JÍBRÍLÙ: Àǹtí Qaanitah, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́. Lab ńkọ́?

QAANITAH: Kí lo fẹ́? Mo ń po jẹ́lì lọ́wọ́.

JÍBRÍLÙ: Ìbéèrè kékeré ni. Tí strip tí ẹ ṣe láti fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bá sọ pé ṣúgà èèyàn ti lọ sílẹ̀—

QAANITAH: Kó mu nǹkan dídùn. Ọmọ jéléósinmi mọ ìyẹn.

JÍBRÍLÙ: Tó bá ti mu ún, tí strip ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

[Ìlà ń já.]

QAANITAH: Strip wo? Ṣé o gbọ́ mi?

JÍBRÍLÙ: Àwọn tuntun tí ẹ kó fún mi pé kí n sá síbi tútù. Oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù mi n'Ídùmọ̀tà, mo wá—

QAANITAH: O wá ṣe kí ni?

JÍBRÍLÙ: Mo kó wọn sábẹ́ dryer Àlímọ̀t ní sàlúùnù rẹ̀. Kíá ni wọ́n gbẹ.

QAANITAH: [ẹ̀rín ẹlẹ́yà] Dryer onírun! Àlímọ̀t ìyàwó ẹ náà ò rí i pé kì í ṣe weavon? Orí ẹ yẹn, ibi tí wọ́n ń dé fìlà lé lásán ni.

JÍBRÍLÙ: Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò lè jáde mọ́—

QAANITAH: Mo ní ẹ́ńsáìmù tó ń ka ṣúgà ò lè ṣàn kúrò nínú polymer, jẹ́lì yẹn! Mo so ó mọ́lẹ̀ ni, mi ò ní kó o yan án. Ẹran tí wọ́n so mọ́ igi, tí iná jó débẹ̀: okùn lè má já, ẹran á kú. Ẹ̀jẹ̀ ì báà dùn bí oyin, "low" ni strip yẹn á máa sọ. Olódo! Ta lo lò ó fún?

JÍBRÍLÙ: Àǹtí, ẹ má—

QAANITAH: Ta ni?

JÍBRÍLÙ: Màmá wa. Mo wà lọ́dọ̀ wọn ní Lafiaji. Òòyì ń kọ́ wọn, la bá ń fún wọn ní mineral, ìgò lórí ìgò. Oorun ń gbé wọn lọ báyìí—

QAANITAH: Gbé ìgò yẹn sílẹ̀! Ṣé o gbọ́ mi?

JÍBRÍLÙ: Àlímọ̀t ló ń rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu—

QAANITAH: Gbà á! Ṣúgà ń pa wọ́n, ẹ ń bù ú kún un! Hospital, Jíbrílù!

[Ìgò fọ́. Ẹsẹ̀ ń sáré.]

JÍBRÍLÙ: Mo ti pọ̀n wọ́n. Mo ti dé títì.

QAANITAH: Ní kí wọ́n fi meter tiwọn yẹ ṣúgà náà wò. Má mú strip ìranù ẹ yẹn jáde níbẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

JÍBRÍLÙ: Mo gbọ́. A ti wọ hospital. Nọ́ọ̀sì ti gún wọn níka... Ó ní ó ga ju ohun tí meter lè kà lọ.

[Qaanitah ò gé fóònù; ó ń pariwo kí wọ́n ṣe kíá. Wákàtí kan kọjá.]

JÍBRÍLÙ: Wọ́n ti gún wọn ní insulin. Wọ́n ti fi omi sí wọn lára. Àǹtí? Màmá ti lajú! Wọ́n ń bi mí pé ta ló ń pariwo nínú fóònù.

[Qaanitah bú sẹ́kún.]

JÍBRÍLÙ: Àǹtí, ẹ máa bú mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún, ẹ bú m—

[Ìlà já.]