Oògùn Orí Ni Mo Pè É

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ inú. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, àmọ́ ìyá mi ti tún gbé àgbo kaná fún obìnrin mìíràn, mo sì mọ̀ pé obìnrin náà lè má nílò rẹ̀.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Akówọnjó, Ìkọ̀tún ni mò ń gbé. Irun iwájú orí mi ti ń re láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò dùn mí nígbà náà. Mò ń dé fìlà tèmi.

Ọjọ́ tí a lọ tọrọ Ráfíátù, ìyàwó mi, nílé wọn ní Ìgàndò ló dùn mí. Mo ti ṣí fìlà kí n lè dọ̀bálẹ̀. Ni àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó pẹ́ dé bá wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, “Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá. Ọkọ ìyàwó ńkọ́, àbí kò tíì dé ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé àwàdà ni. Ẹni tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ló kúnlẹ̀ fún mi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi wọ ilé oògùn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Obìnrin tó ń tà á sọ fún mi, mi ò ní parọ́. Ó ní, “Dádì, ó ń hu irun o, àmọ́ ó máa ń mú kó rẹ àwọn ọkùnrin mìíràn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ṣá. Tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má tijú, ẹ padà wá.” Dádì tó pè mí yẹn gan-an ló jẹ́ kí n tètè rà á.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Mò ń ṣí fìlà kiri Akówọnjó. A ti ṣègbéyàwó nígbà náà. Àsìkò yẹn náà ni ara mi kò dá mi lóhùn mọ́. Mi ò padà lọ bá obìnrin tó ta oògùn náà. Ojú ń tì mí.

Ráfíátù rí páálí oògùn náà, ó bi mí pé oògùn kí ni. Mo ní, “Oògùn orí ni.” Irọ́ kọ́ o. Orí náà ni mò ń lò ó fún. Ó rò pé orí ló ń fọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kẹ̀yìn sí i, á máa fọwọ́ ra mí lórí, á ní, “Pẹ̀lẹ́, sinmi jàre.”

Ọdún kan kọjá, kò lóyún. Màámi gbé egbò àti ewé dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní inú ìyàwó mi ló tutù tí kò fi lóyún. Oṣù mẹ́jọ ni Ráfíátù fi mu àgbo náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Á di imú, á gbé e mì, á sáré lọ bì nídìí ẹ̀rọ omi. Èmi ni mo máa ń bá a di ife mú.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, “Ṣé kò yẹ ká sọ fún Màmá pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ra ni?” Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni. Kò sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ tó bì tó sì sunkún ni mo tó lọ rí dókítà. Dókítà ní kí n dá oògùn náà dúró, kí n sì sọ fún ìyàwó mi. Mo ṣe ti àkọ́kọ́. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ara mi tó padà. Irun re, mo fá èyí tó kù kodoro. Ráfíátù lóyún, ọmọ wa ti ń rìn báyìí. Màámi ń sọ káàkiri pé àgbo àwọn ló ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí irun. Obìnrin dé wíìgì, ẹ ní ó rẹwà. Ọkùnrin fẹ́ irun, ó di ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe orí wa ní dígí, ẹ wá jẹ́wọ́ tiyín náà!

Èyí tí mi ò rí àwáwí fún nìyí. Lọ́dún tó kọjá, Wàsíù àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó. Orí òun náà ti ń pá. Ó ní, “Bọ̀dá, mi ò fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún èmi náà o.” A rẹ́rìn-ín. Mo kọ orúkọ oògùn náà fún un. Mo ní bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, kó ní oògùn orí ni. Mi ò sọ èyí tó kù. Mò ń sọ fún ara mi pé, kì í ṣe gbogbo èèyàn ṣá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní irun ti ń hù. Ọjọ́ kejì, Màámi pè pé inú ìyàwó Wàsíù tutù.

Màámi ti se àgbo náà jinná, wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sílé wa. Ráfíátù ló fẹ́ gbé e lọ fún un lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di imú mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un kó tó jáde nílé?