Èmi Ni Mo Pa Orúkọ Sáìtì Bímbọ́lá

Mo fẹ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé mi lọ fún iṣẹ́ abẹ, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á tún ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé Oyèlékè, ẹ pe ara yín jọ, kí ẹ ka ìwé yìí sókè kí Bímbọ́lá ọmọ ọmọ mi gbọ́. Adélaní tó fẹ́ fi í ṣaya kọ́ ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti ṣe é, bí fóònù bá ti dún nínú ilé, màá sá bọ́ síta. Bí mo jókòó, ara mi ò gba ìjókòó. Bí mo dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ìwé mi ò kọjá Bíbélì àti ìwé orin, gbogbo yín mọ̀. Òun gan-an ni mo fi bojú. Ẹ rò pé mi ò lè mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n dájú.

Ọdún tí epo ọkọ̀ gbówó lórí, tí gààrí di nǹkan tí à ń fi kọ́ọ̀bù kékeré wọ̀n, èmi àti Bímbọ́lá la jọ wà nínú yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́. Mi ò lè ta bọ́tìnnì àti òwú fún àwọn télọ̀ mọ́. Bímbọ́lá ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì lọ́dọ̀ Adélaní, ọmọ Oǹdó tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Alágbàká, tó sì fẹ́ fi í ṣaya. Bó bá dé, èmi ló máa ń kọ́ ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ. "Yèyé, ẹ wò ó bí ìsọ̀ yín lọ́jà. Họ́sítìn ni àyè tí ẹ gbà. Péèjì ni pátákó tí ẹ pàtẹ bọ́tìnnì sí. Líǹkì ni ọ̀nà tó ń mú oníbàárà wá." Mo ní, "Dómèènì ńkọ́?" Ó ní, "Orúkọ tí wọ́n fi ń wá yín ni. Bí ẹ ò bá tún un gbà lọ́dọọdún, ẹlòmíì á gbà á, á sì pàtẹ tirẹ̀ síbẹ̀." "Ọjà mi á wá sọnù?" "Rárá o, bí ẹ bá ti ní bákáàpù, ẹ̀dà tí ẹ kó pamọ́. Ọjà á wà, àmọ́ oníbàárà ò ní rí yín mọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o!"

Nígbà tí wọ́n ń gba orúkọ fún sáìtì tirẹ̀, níbi tó kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, nọ́ńbà mi ni Adélaní fi sílẹ̀. Ó ní, "Tiwa, lónìí wọ́n jí fóònù, lọ́la láìnì ti kú. Ti Yèyé ò yí padà rí. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ ṣáà sọ fún wa." Dátà wọ́n, wọn kì í ṣí sáìtì náà lójoojúmọ́. Èmi ni wọ́n gbọ́kàn lé.

Iléeṣẹ́ kan l'Ábújà wá ní àwọn fẹ́ gbà á síṣẹ́, kó fi líǹkì ránṣẹ́ kí àwọn ọ̀gá jókòó wò ó. Bímbọ́lá ń jó kiri ilé. Ó ní, "Yèyé, bí mo bá lọ, màá fi yín sọ́dọ̀ Bùọ̀dá Olúgbémiga, ẹbí wa ní Bọ́lọ́rundúró, fún ìgbà díẹ̀ ná." Fún ìgbà díẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí Reuben ọmọ mi, bàbá rẹ̀, sọ fún mi nìyẹn nígbà tó ń lọ sí Líbíà. Mi ò tíì rí i títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni fóònù dún. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta dómèènì ni. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bímbọ́lá pé orúkọ sáìtì rẹ̀ ti fẹ́ kú o." Mo ní màá sọ. Mò ń gbọ́ Bímbọ́lá tó ń kọrin lẹ́yìnkùlé, mo panu mọ́. Mo sọ fún ara mi pé mi ò jalè, bákáàpù ṣáà wà. Ẹ wo irú àgbà tí mo jẹ́. Obìnrin náà tún pè. "Mama, ó ti kú o, àmọ́ a ṣì lè jí i. Ẹlòmíì ń bèèrè rẹ̀. Àbí kò fẹ́ ẹ mọ́?" Mo ní, "Kò fẹ́ ẹ mọ́." "Ó dá yín lójú, Mama?" "Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Ẹ fún ẹni tó bá fẹ́."

Àwọn ará Àbújà ṣí líǹkì náà níwájú àwọn ọ̀gá wọn, sáìtì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ń fi àwọn ṣeré ni. Wọn ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ibi tó burú jù nìyí. Adélaní wọlé pẹ̀lú Agnes ìyá rẹ̀, tó wá láti Oǹdó nítorí mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ojú Bímbọ́lá ti wú fún ẹkún. "Adélaní, ìwọ lo ní kí n fọkàn balẹ̀!" Ọmọkùnrin náà yíjú sí mi jẹ́jẹ́. "Yèyé, ṣé wọn ò pè yín ni?" Mo fi ariwo bọnu. "Ta ló pè mí? Torí mi ò mọ̀wé lo ṣe fẹ́ purọ́ mọ́ mi? Ìwọ lo jẹ́ kó kú, kó má baà kúrò lọ́dọ̀ rẹ!" Ẹ ò rí i? Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi gan-an ni mo gbé wọ̀ ọ́. Agnes ké, "Màmá, ọmọ mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀!" Adélaní wò mí, ó wò mí, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Yèyé. Ó lè jẹ́ èmi ni mo gbàgbé." Bí mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ ṣe fọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bímbọ́lá lọ síbi iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì tó ń ṣe báyìí, Adélaní sì gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ mi, ó wá kí mi. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Mo bi í pé kí ló dé tó fi dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Yèyé, mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ta dómèènì kí n tó wọlé yín. Wọ́n ní ìyá àgbàlagbà kan ló ní kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀." "Kí ló dé tó ò sọ?" "Níwájú ìyá mi? Níwájú Bímbọ́lá? Kí lẹ fẹ́ kí n pè yín? Ẹ̀yin nìkan ló kù fún un bí òbí, Yèyé. Mi ò lè gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀." Mo gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀, mo wá bírò.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ èyí, bí ọmọ bá fi iṣẹ́ rán yín, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán yín. Ẹ má fi ewú orí pa ẹni tí kò lè dá yín lóhùn lẹ́nu mọ́. Bímbọ́lá, mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí. Ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Wọ kẹ̀kẹ́, kí o kọ́kọ́ lọ bá Adélaní.