Ta Ni Yóò Máa Bọ́ Ọkọ Ràfátù?

Ràfátù tó ń ta aṣọ òfì ní Ọjà'ba ló gba àfẹ́sọ́nà mi lọ́wọ́ mi, télọ̀ kan tó jẹ́ ará Gánà, lẹ́yìn tí mo ti gbé oúnjẹ lọ fún un títí. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, mo bá òun àti ọkọ rẹ̀ yìí níwájú mi lórí ìlà, ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Mápó, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé lóríṣiríṣi, títí kan ìwé ìgbélùú àwọn àjèjì.

Akọ̀wé ní, "Ẹ fẹ́ kí ọkọ yín máa gbé Ìbàdàn títí ayé. Ta ni yóò máa bọ́ ọ?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ẹ̀yin lẹ ó máa bọ́ ọkọ?"

"Ẹ wo ikùn rẹ̀. Ṣé ó jọ ẹni tí ebi ń pa?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ náà fi fìlà bojú.

"Ikùn kì í ṣe ẹ̀rí, ìyá. Ẹ mú ẹni tó mọ̀wé wá, kó búra pé agbára yín ká a. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Gánà ló ń padà sí."

Ràfátù wẹ̀yìn, ó rí mi. Mo gbójú sókè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú:

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn bó ṣe ń jẹun tó, kí wọ́n lè mọ̀ pé olówó ni mí."